Àwọn Ọmọ Mọ́kànlá Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣèdánwò

Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Sabon Gari ní Zaria láti bí ogún ọdún sẹ́yìn tí kò mọ Màlámà Waheedat. Bí kò bá kọ́ ọ níwèé, ó kọ́ àbúrò rẹ̀. Bí kò bá sì kọ́ àbúrò rẹ̀, ó ti dá a dúró rí lójú títì láti bi í pé kí ló dé tí kò sí ní kíláàsì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, Alhaji Abdulganiyu, ti gbé aṣọ wá tà, ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí òun sí. Ibẹ̀ ló ti lọ sílé kéú, ibẹ̀ ló ti kàwé di tíṣà, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Bashir tó ń ta páàtì mọ́tò, tó sì bí Sarat fún un. Bí inú bá bí i, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó tẹ̀ lé e.

Ọdún méjìlélógún ló fi jẹ́ tíṣà kí wọ́n tó fi í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Layin Dorawa. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní ohun tí ènìyàn lè máa fi yangàn. Kíláàsì mẹ́jọ ni, méjì nínú wọn kò ní ilẹ̀kùn, ìjì sì ti ká páànù orí ọ̀kan lọ, tí ẹnikẹ́ni kò wá tún un ṣe fún oṣù méje. Ṣùgbọ́n Waheedat fẹ́ràn ibẹ̀. Aago méje àárọ̀ kò bá a nílé rí. Ó mọ orúkọ ọmọ, ó mọ orúkọ ìyá ọmọ, bó bá sì wo ojú ọmọ lásán, ó mọ̀ bóyá ó jẹun wá tàbí kò jẹun.

Ọdún tó di ọ̀gá gan-an ni ètò tuntun dé. Àwọn aláṣẹ dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ọ́fíìsì Òṣùwọ̀n. Àwọn ni yóò máa fún gbogbo ọmọ kíláàsì kẹfà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìdánwò kan náà, Òyìnbó àti ìṣirò, lọ́jọ́ kan náà. Wọn yóò ro máàkì gbogbo ọmọ tó bá ṣèdánwò pọ̀, wọn yóò fi iye wọn pín in, ohun tó bá jáde ni wọn yóò fi díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣe dáadáa, pátákó aláwọ̀ ewé ni wọn yóò kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èyí tó ṣe bákan ṣá, pátákó yẹ́lò. Èyí tó kùnà, pátákó pupa. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gba pupa lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, wọn yóò yọ ọ̀gá rẹ̀, wọn yóò sì tú àwọn tíṣà rẹ̀ ká.

Kò sí ẹni tó lòdì sí i nígbà náà. Ó pẹ́ tí àwọn òbí ti ń ráhùn pé àwọn tíṣà kan kì í wá síbi iṣẹ́, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Waheedat fúnra rẹ̀ yọ̀ sí i. Ó ní ara ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yóò wá hàn báyìí.

Pupa ni wọ́n kàn fún un.

Ọkùnrin méjì ló gun àkàbà, tí wọ́n ń kan pátákó náà mọ́ ògiri lójú àwọn ọmọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pupa. Nígbà tí wọ́n wọlé lẹ́yìn ìsinmi, ogójì ọmọ kò padà wá. Àwọn tó mọ̀wé jù ni òbí wọn mú lọ síbòmíràn, àwọn tí òbí wọn kò rọ́nà gbé e gbà ló ṣẹ́ kù. Waheedat jókòó pẹ̀lú rẹ́jísítà, ó rí i pé ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n òun ti sọ òun di ẹni tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ òun kò sì tíì ṣe ohunkóhun.

Matthew ni orúkọ tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà. Ọ̀dọ́mọkùnrin láti Kàbbà ni, jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó wá bá Waheedat ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mà, mo gbọ́ pé àwọn tí wọ́n tú ká ní ibòmíràn, abúlé tí ènìyàn kò lè ti ibí lọ kó sì bọ̀ ni wọ́n gbé wọn lọ. Èmi kò mọ ohun tí n óò ṣe bí wọ́n bá gbé mi lọ."

"Wọn kò ní gbé ẹ lọ," ni Waheedat wí. Kò tíì mọ bí yóò ṣe rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò ọdún kejì dé nígbà tó mú bírò, tó fa rẹ́jísítà kíláàsì kẹfà sọ́dọ̀. Ọmọ méjìdínláàádọ́rin ló wà níbẹ̀. Ó kà wọ́n wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn tó mọ̀ pé máàkì wọn yóò fa ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó parí, mọ́kànlá ni. Ó pe Matthew, ó fi hàn án.

Matthew wò ó títí. Ó ní, "Mà, Lateefat náà wà níbẹ̀?"

Bí Matthew ṣe béèrè yẹn ni ó yẹ kó dá a dúró. Ọmọ Ìyá Lateefat ni Lateefat, obìnrin ará Ọ̀yọ́ tó ní ẹ̀rọ ìlọta nínú ọjà Sabon Gari. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ọdún méjì gbáko ni kò fi wá sílé-ẹ̀kọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń tọ́jú rẹ̀ bí ìyá bá lọ sọ́jà, títí ọkùnrin náà fi kú. Nígbà tó padà dé, kò lè ka ohunkóhun. Waheedat fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é wá sí ọ́fíìsì lásìkò ìsinmi ọ̀sán, tó ń fi ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kejì kọ́ ọ. Ní oṣù tó ṣáájú, Lateefat ti ka ojú ewé kan tán láìdúró. Ó gbójú sókè, ó wo Waheedat, ó sì tún kà á lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Ó ti ń kàwé, mà," ni Matthew wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè parí ìbéèrè ogójì láàárín wákàtí kan. Òfo ló máa gbà. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Matthew kàn pa rẹ́jísítà náà dé.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú ìdánwò, Waheedat pe àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá jọ. Ó ní kí wọ́n má wá ní ọjọ́ Àtàlátà, ìsinmi ni fún wọn, ọjọ́ tiwọn yàtọ̀, àwọn yóò pè wọ́n. Inú àwọn kan dùn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Talatu, tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ Òyìnbó rárá, béèrè pé ọjọ́ wo ni wọn yóò pè wọ́n. Waheedat ní láìpẹ́.

Àárọ̀ Àtàlátà dé. Ọkọ̀ àwọn tó gbé ìwé ìdánwò wá ti wà nínú ọgbà. Waheedat dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, ó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn náà ló rí Lateefat tó ń bọ̀. Wọ́n ti fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ débi pé kò sí ìlà kankan lára rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù méjì dání.

"Ṣé mi ò ní kí o dúró sílé ni?"

Lateefat kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Màámi ló ní kò sí ẹni tó máa ń dúró sílé lọ́jọ́ ìdánwò. Wọ́n ní bóyá mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yín dáadáa ni."

Waheedat bojú wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ìdánwò wá ti ń wo ọ̀dọ̀ wọn. Ó dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé."

"Kò sí níbẹ̀, Màlámà?"

"Kò sí níbẹ̀. Wọ́n ṣe àṣìṣe ni. N óò bá wọn sọ ọ́. Máa lọ sílé."

Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkọ̀wé orí rẹ̀ sì kọjú sí ọmọ náà. Ó rí ojú Lateefat tó ń lọ sórí rẹ̀, ó rí ètè rẹ̀ tó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe bó bá fẹ́ kàwé. Waheedat ká ìwé náà sí méjì. Ọwọ́ ara rẹ̀ tí òun náà fi kọ́ ọmọ yìí ní A, B, D ló fi ká a. Lateefat dìde, ó ní ó dàbọ̀, ó sì padà sí ọ̀nà ibi tó ti wá.

Nígbà tí èsì jáde, pátákó aláwọ̀ ewé ni. Láti pupa bọ́ sí aláwọ̀ ewé láàárín ọdún kan, kò tíì sí irú rẹ̀. Wọ́n ya Waheedat ní fọ́tò. Wọ́n pè é lọ síbi ayẹyẹ kan, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fi gíláàsì bò. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ń wá bi í pé báwo ló ṣe ṣe é, ó ní iṣẹ́ àṣekára ni àti àdúrà. Matthew kò bọ́ síbi fọ́tò náà. Ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn.

Waheedat ti pinnu pé bí gbogbo ariwo bá rọlẹ̀, òun yóò pe àwọn mọ́kànlá náà padà kí wọ́n tún kíláàsì kẹfà kà. Ó ní i lọ́kàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó ti mú ọmọ lọ ń mú wọn padà bọ̀, kíláàsì kún, ọwọ́ rẹ̀ kún, ọ̀sẹ̀ kan ń bí òmíràn. Ọmọ tí kò bá ní máàkì ìdánwò yìí kò lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Mẹ́rin nínú wọn padà wá fúnra wọn. Àwọn méje yòókù, kò rí wọn mọ́, kò sì wá wọn.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Oyèdàpọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ń kọ́ni nípa ètò ẹ̀kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Samaru, Hanwa ló ń gbé. Wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ kan láti tún ètò ìdánwò náà yẹ̀ wò, òun sì ni wọ́n ní kó kó àkọsílẹ̀ jọ. Ó fi ọ̀wọ̀ kí Waheedat, ó gba rẹ́jísítà, ó kà á, ó sì tún kà á.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ó wí, "ọmọ méjìdínláàádọ́rin lẹ ní. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ṣèdánwò."

"Ara àwọn yòókù kò yá. Ẹ mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni."

"Ọmọ mọ́kànlá, mà, lọ́jọ́ kan náà?"

"Ibà ni," ni Waheedat wí.

Oyèdàpọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò fín in níràn. Nígbà tó ń lọ, ó ní ìgbìmọ̀ náà yóò jókòó ní Samaru ní oṣù tó ń bọ̀, àwọn sì fẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti pupa bọ́ sí aláwọ̀ ewé wá bá àwọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó dára nínú ètò náà tí kò yẹ kí wọ́n yí padà. Waheedat ní òun yóò wá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló gbé ẹ̀wà tó ti bó lọ sí ọjà láti lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó máa ń lò bàjẹ́, wọ́n ní kó lọ sí èyí tó wà lẹ́yìn àwọn aláta. Kó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ Ìyá Lateefat ni, ó ti débẹ̀. Ìyá kò sí níbẹ̀. Lateefat ló dúró ti ẹ̀rọ, ó ti ga sí i, ó fi aṣọ ìnura wé orí lórí híjáàbù rẹ̀ nítorí ata tó ń ta síni lára. Ó pa ẹ̀rọ náà kó lè kí i dáadáa. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màlámà. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Mo wà, Lateefat. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n lọ kírun." Ó gba ẹ̀wà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró. "Màlámà, ṣé wọ́n ti rí orúkọ mi?"

Waheedat kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. "Kí ni?"

"Ẹ ní ẹ máa bá wọn sọ ọ́. Mo ní bóyá wọ́n ti rí i."

Oṣù mẹ́jọ ló ti kọjá. Ọmọ náà ti fi oṣù mẹ́jọ dúró de orúkọ ara rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Bí Waheedat bá sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn, bóyá ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ì bá fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Wọn kò tíì dá mi lóhùn."

"Kò burú, Màlámà. Mo dúpẹ́." Lateefat tan ẹ̀rọ, ó sì lọ ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè kúnná.

Waheedat kò lè jẹ nínú rẹ̀ nígbà tó sè é. Bashir bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àmì inú rẹ́jísítà dé orí ọ̀rọ̀ ọjà. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Bashir jẹ́ ènìyàn tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Ìyá Sarat, ta ni kò ṣe irú rẹ̀? Àwọn ló fi pátákó ka yín mọ́. Mú ọmọ yẹn padà sílé-ẹ̀kọ́, kó o sì pa ẹnu mọ́."

"Wọ́n ní kí n wá sọ fún àwọn pé ètò náà dára, Bàbá Sarat. Wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á tún fi bírò sàmì."

"Tí wọ́n bá yọ ẹ́ ńkọ́? Matthew ńkọ́?"

"N óò ní èmi nìkan ni. Èmi nìkan náà ni."

Bashir mi orí, ó ní kó ṣe ohun tó bá rò pé ó tọ́, ṣùgbọ́n kó má wá fi ojú burúkú wo òun bí wọ́n bá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àlàmísì ni ìgbìmọ̀ náà jókòó, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní yunifásítì. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bí ogún ló wà níbẹ̀, àti àwọn aṣojú Ọ́fíìsì Òṣùwọ̀n pẹ̀lú àwọn olùkọ́ yunifásítì. Waheedat ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, kò lè kà á.

Ó ní, "Ilé-ẹ̀kọ́ mi kò dára ju bó ṣe rí nígbà tó jẹ́ pupa lọ. Ọmọ mọ́kànlá ni mo ní kí wọ́n má wá. Ọ̀kan wá, mo dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ibà. Mo purọ́ fún Dókítà. Bí ẹ bá ń ka kìkì àwọn tó jókòó ṣèdánwò, àwa ọ̀gá á máa yan àwọn tó máa jókòó. Èyí tí mo ṣe kò ní àwáwí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ sórí tèmi."

Ọ̀kan nínú àwọn aṣojú Ọ́fíìsì Òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kíákíá. Nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi díẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Ọláwálé bá a lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ ti ba ti gbogbo wa jẹ́," ni ó wí. "Wọ́n á máa wá tú rẹ́jísítà wa báyìí." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tèmi." Ó sì yára kúrò níbẹ̀.

Dókítà Oyèdàpọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí ẹni tó nígboyà bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí a má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Fún ọjọ́ méjì gbáko, oorun rẹ̀ dára, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Ọjọ́ kẹta ló lọ sí ilé Ìyá Lateefat. Obìnrin náà gbé àpótí fún un kó jókòó, ó gbé omi fún un. Lateefat ń ká aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Waheedat sọ ọ́ bó ti sọ ọ́ ní Samaru, ó tilẹ̀ kiyè sí i pé àwọn ọ̀rọ̀ kan náà ló ń lò.

Ìyá Lateefat gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Màlámà, ta lẹ kọ́kọ́ sọ fún?"

"Ìgbìmọ̀ tó jókòó nípa ìdánwò."

"Nígbà wo?"

"Àlàmísì."

"Ṣé ọmọ àwọn yẹn ni ẹ lé padà?"

Ìgbà náà ló yé Waheedat pé kódà ìjẹ́wọ́ òun, ibi tí wọ́n ti lè yin òun ni òun kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó kúnlẹ̀, òun àgbàlagbà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Lateefat ní kó dìde, òun kò fẹ́ kó kúnlẹ̀ fún òun. Lateefat ló sọ̀rọ̀, láìgbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń ká.

"Ó wà níbẹ̀, àbí?"

"Ó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni ẹ́."

"Mo rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ká a," ni Lateefat wí. "Mo ní bóyá Lateefat mìíràn ni."

Ìyá rẹ̀ sin Waheedat dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní òun ti gbọ́, òun kò sì ní ṣépè, ṣùgbọ́n kó má wá mú ọmọ òun lọ sí ibikíbi. Òun fúnra òun ni yóò mú un lọ.

Kí oṣù náà tó parí, lẹ́tà dé. Wọ́n yọ Waheedat nípò ọ̀gá, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tó wà níwájú Hanwa láti máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí Matthew, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Wọ́n wá yọ pátákó aláwọ̀ ewé náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àtúnṣe tí ìgbìmọ̀ dá lábàá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà nínú rẹ́jísítà ni wọn yóò kà, ẹni tí kò bá wá láìní ìwé dókítà, òdo ni wọn yóò kọ fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọn yóò dán ọmọ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ní òpin rẹ̀, ibi tó ti gbéra dé ibi tó dé ni wọn yóò fi díwọ̀n tíṣà. Wọn kò ní kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá kùnà, tíṣà ni wọn yóò fi kún ti ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ó dára. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Waheedat fi gbọ́ pé àwọn ọ̀gá kan ti ń fi orúkọ àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé pamọ́, tí wọn kì í kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà títí ìdánwò fi máa ń kọjá. Ó pe Oyèdàpọ̀ lórí fóònù, ó sọ fún un. Oyèdàpọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní òun yóò kọ ọ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá Lateefat mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n fi í sí kíláàsì kẹfà láàárín àwọn ọmọ tí kò ga dé èjìká rẹ̀. Lẹ́nu Matthew ni Waheedat ti gbọ́ pé ó ṣèdánwò ní oṣù kẹfà, máàkì rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó tó láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Waheedat kò lọ kí wọn. Kò rò pé òun ní ẹ̀tọ́ láti yọ̀ níṣojú wọn.

Ó ku àwọn mẹ́fà. Jímọ̀ ni wọ́n máa ń tètè jáde níbi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun, Jímọ̀ ló sì fi ń wá wọn kiri, láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ibi tí wọ́n kó lọ. Ó ti rí mẹ́ta. Ẹni tó kọ́kọ́ rí, ìyá rẹ̀ lé e jáde, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun. Àwọn méjì ti padà sílé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tó bá òbí wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin tó lọ wá ni Talatu.

Bàbá Talatu ń ṣe bàtà lẹ́bàá ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn láti rí tíṣà ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹní fún un. Wọ́n sọ̀rọ̀ ní Hausa. Waheedat jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe. Ọkùnrin náà gbọ́, ó mi orí, kò bínú rárá. Ó ní Màlámà ṣe dáadáa ni, òun náà ti mọ̀ tipẹ́ pé ọmọ náà kò ní ọpọlọ ìwé, bí tíṣà bá ní ọmọ kò lè ṣe é, ta ni òun tí kò kàwé láti jiyàn? Talatu ti lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní abúlé, ó ń bá wọn ṣe oko.

Waheedat ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ náà mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, Òyìnbó nìkan ni kò gbọ́, kò sì sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ. Òun ló ṣẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí àlejò ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tù nínú. Ó ní Ọlọ́run á san án fún un. Ó wá bi í pé ṣé òjò ti rọ̀ ní ìhà Hanwa.

Waheedat rò ó pé ìyá tó lé òun jáde ní ọjọ́sí ṣì gba ọmọ rẹ̀ gbọ́. Bàbá yìí ti gba òun gbọ́ dípò ọmọ rẹ̀. Ó bi í pé kí ni orúkọ abúlé náà. Ọkùnrin náà ní ó jìnnà, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó tún bi í. Ọkùnrin náà wá sọ ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀, ibi tí yóò ti bọ́ sórí ọ̀kadà, àti igi oṣè ńlá tí yóò rí kó tó yà sí apá òsì. Waheedat mú bírò jáde nínú báàgì, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.